Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn aṣíwájú ẹgbẹ́ alùpùpù tó ń gùn wá sí Èkìtì: ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé ìtò yín

Sí ẹ̀yin olórí àti aṣíwájú ẹgbẹ́ alùpùpù tí ẹ ń ti Èkó, Ìbàdàn, Ìlọrin, Àkúrẹ́ àti Àbújá gùn wá sọ́dọ̀ wa ní òpin ọ̀sẹ̀,

Ẹ kú ewu ọ̀nà, ẹ sì kú ìnáwó epo. Inú wa ń dùn bí ẹ ṣe ń wá. Ilẹ̀ tó ní Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó pàdé, tó ní omi Àríntà tó ń já láti orí àpáta ní Ìpólé-Ìlórò, tó tún ní òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́, ó yẹ kí àwọn tó fẹ́ràn ọ̀nà máa wá a wá. A fẹ́ kí ẹ dé láyọ̀, kí ẹ padà sílé láyọ̀, kí ẹ sì tún wá. Gbangba la ti ń kọ lẹ́tà yìí nítorí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ti ẹgbẹ́ kan ṣoṣo.

Ẹ̀bẹ̀ wa kò ju ọ̀kan lọ: ẹ gé ìtò yín. Ẹ má ṣe jẹ́ kí alùpùpù 20 tàbí 30 tún so kọ́ra wọn láti oríta Ìtawurẹ́ dé Adó-Èkìtì. Ẹ pín wọn ní mẹ́fà-mẹ́fà. Bí kò bá bọ́ sí i, kó jẹ́ méje, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní aṣíwájú tirẹ̀, akẹ́yìn tirẹ̀ (ẹni tó ń gùn gbẹ̀yìn gbogbo wọn) àti àpò irinṣẹ́ tirẹ̀. Kí ọ̀wọ́ kan gbéra ní ìṣẹ́jú 10 lẹ́yìn èyí tó ṣáájú rẹ̀. Alùpùpù 24 á di ọ̀wọ́ mẹ́rin, ọ̀wọ́ tó gbẹ̀yìn á sì kúrò nílé ní ìṣẹ́jú 30 péré lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Gbogbo ohun tó kù nínú lẹ́tà yìí, orí èyí ló dúró lé.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí alùpùpù 20 bá tò bó ṣe yẹ lójú ọ̀nà tó tọ́, ẹnì kan lápá òsì, ẹni tó tẹ̀ lé e lápá ọ̀tún, ìṣẹ́jú àáyá 1 láàárín ẹnì kan àti ẹnì kejì, ìṣẹ́jú àáyá 2 láàárín àwọn tó wà ní ìlà kan náà, ìtò yẹn á gùn ju mítà 300 lọ tí ẹ bá ń sáré kìlómítà 60 ní wákàtí kan. Ní kọ́nà, níbi tí ó ti pọn dandan kí gbogbo yín wọ ìlà kan ṣoṣo pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 2 láàárín, á kọjá mítà 600. Tírélà tó wà lẹ́yìn yín kò lè rí ibi tó gùn tó bẹ́ẹ̀ tó sì mọ́lẹ̀ tónítóní lórí òkè Ẹ̀fọ̀n. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í yà yín sílẹ̀, tí ọkọ̀ míì bá yọ níwájú rẹ̀, àárín yín ni yóò já sí, nítorí kò sí ibòmíì tó lè sá sí. Alùpùpù mẹ́fà ní ìlà kan ṣoṣo kò gùn ju mítà 180 lọ. Awakọ̀ lè kọjá wọn tán, kó sì padà sí ìlà rẹ̀.

Ẹ̀yìn ìtò ni wàhálà kejì wà, aṣíwájú kì í sì í rí i. Bí ẹni iwájú bá ń bọ̀ ní 80, tó bá bọ́ǹpù ní ẹnu ìlú kan, á já a sí 30, á fò ó, á sì tún fún un níná. Ní àkókò tí òun ti padà sí 80, ẹni kẹẹ̀ẹ́dógún kò tíì dé orí bọ́ǹpù yẹn. Àlàfo á là, ẹni tó wà lẹ́yìn á sì máa fi 100, nígbà míì 110, lé wọn. Bọ́ǹpù kọ̀ọ̀kan ló ń fa èyí, ìlú tó wà láàárín Ẹ̀fọ̀n àti Adó kò sì kéré: Erìò wà níbẹ̀, Àrámọkọ, Ìgèdè, Ìyìn. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé ẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń kó àwọn tí kò tíì mọ alùpùpù gùn dáadáa sí, wọ́n ní kí wọ́n má baà dí àwọn àgbà lọ́wọ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gún régé ni ẹ wá fún ní eré tó ga jù nínú gbogbo yín. Ẹ̀yìn aṣíwájú gan-an ni ipò tirẹ̀. Eré tí apá rẹ̀ ká ni kí gbogbo ọ̀wọ́ náà máa sá.

Ìtò gígùn ló tún bí dídí oríta. Ọmọ ẹgbẹ́ kan á sáré ṣíwájú, á fi alùpùpù rẹ̀ dí ojú ọ̀nà, á na ọwọ́ méjèèjì, kí àwọn yòókù lè kọjá láìdúró. Òfin kò fún un ní agbára yẹn. Ọlọ́pàá àti ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ló ní i. Ẹni tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kò sì mọ ìdí tí ẹnì kan fi dúró sójú ọ̀nà. Ó lè jẹ́ aláboyún ló gbé sẹ́yìn ọkọ̀, ó lè jẹ́ bíréèkì rẹ̀ ni kò mú. A bẹ̀ yín, ẹ fi í sílẹ̀ pátápátá.

Ohun tí a fi ń rọ́pò rẹ̀ rọrùn. Ibikíbi tí ọ̀nà yín bá ti yà kúrò lójú ọ̀nà tó lọ tààrà, aṣíwájú á fi ìka tọ́ka sí ibi kan létí ọ̀nà. Ẹni tó wà ní ipò kejì lẹ́yìn rẹ̀ á dúró síbẹ̀, á tan tíráfíkétọ̀ sí ọ̀nà tó yẹ kí wọ́n yà sí, á sì dúró títí akẹ́yìn yóò fi dé. Bí àwọn tó kù bá ṣe ń dé, á máa fi ọwọ́ júwe ọ̀nà fún wọn. Tó bá ti rí akẹ́yìn, á gbéra, á wọlé síwájú rẹ̀. Ẹni tó wà ní ipò kẹta tẹ́lẹ̀ ti di ìkejì báyìí, òun ló máa dúró sí oríta tó ń bọ̀. Bí wọ́n ṣe máa ń yí i nìyẹn títí wọ́n á fi dé. Ẹni tí èyí bá yé kò ní sáré lé ẹnikẹ́ni mọ́, nítorí ó mọ̀ pé kò sí oríta tí òun máa dé tí kò ní bá èèyàn níbẹ̀. Bí ẹ bá ti kó ọmọ tuntun ṣíwájú, tí ipò ìdúró sì kàn án, ẹ jẹ́ kí ó dúró. Ìsinmi ló jẹ́ fún un, á sì tún wọlé níwájú akẹ́yìn, ẹni tó mọ̀ ọ́n gùn jù, tí yóò máa wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń ba ètò yìí jẹ́. Àkọ́kọ́ ni pé ẹni oríta á kúrò kí akẹ́yìn tó dé, torí ó rò pé gbogbo wọn ti kọjá tán. Ìkejì ni pé á dúró lẹ́yìn kọ́nà tàbí lẹ́yìn ọkọ̀ tó bàjẹ́, ibi tí ẹni tó ń bọ̀ kò ti ní rí i títí á fi kọjá rẹ̀. Ibi tí a ti lè rí i láti mítà 100 ló yẹ kó dúró sí, kí táyà méjèèjì sì ti kúrò lórí ọ̀dà. Ìkẹta ni pé ó rí akẹ́yìn ọ̀wọ́ míì, ó sì rò pé tiwọn ni. Nítorí náà kí àwọ̀ ẹ̀wù tí ń tàn tí akẹ́yìn kọ̀ọ̀kan wọ̀ yàtọ̀: ọ̀kan àwọ̀ ewé, ọ̀kan àwọ̀ ọsàn, kí kálukú sì mọ tiwọn kí wọ́n tó gbéra.

Ní oríta Ìtawurẹ́, níbi tí ẹ ti ń fi ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ sílẹ̀ láti yà sí Ẹ̀fọ̀n, ẹ fi ẹni kan síbẹ̀ dandan. Ẹ fi òmíràn sí Àrámọkọ, níbi tí ọ̀nà Erijiyan àti Ìkógòsì ti yà. Ẹni tó bá ṣi Àrámọkọ, Adó ni yóò bá ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àmì ọwọ́ kò pọ̀. Ọwọ́ òsì nìkan la fi ń ṣe é, nítorí ọ̀tún ló mú iná (ọwọ́ tí a fi ń fi kún eré) àti bíréèkì iwájú. Ìka kan sókè: ìlà kan ṣoṣo. Ìka méjì: ẹ tún tò ní òsì àti ọ̀tún. Ẹsẹ̀ tí a na sí ẹ̀gbẹ́ kan: kòtò wà lápá ibẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ lórí àṣíborí: ewu tàbí ọlọ́pàá wà níwájú. Ìka tí a fi ń tọ́ka sí táǹkì: epo mi ń tán. Kí ẹni kọ̀ọ̀kan tó rí àmì ṣe é fún ẹni ẹ̀yìn rẹ̀, tó bá jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ráyè. Tó bá ń yí kọ́nà lọ́wọ́, kó gbàgbé àmì, kó di ọwọ́ alùpùpù rẹ̀ mú.

Ó wá kan òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ibi tí a fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ ń gùn ún. Bí ẹ bá ń padà lọ sí Ìtawurẹ́, ẹ ń sọ̀ ọ́, ìsọ̀kalẹ̀ yẹn ló sì le. Ẹ má ṣe fi alùpùpù sí nútírà láti fi epo pamọ́. Jíà kejì tàbí ìkẹta ni kí ẹ fi sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ máa dá alùpùpù dúró, kí bíréèkì kàn máa ràn án lọ́wọ́. Alùpùpù kékeré bíi Boxer tó ń lo bíréèkì onílù lẹ́yìn máa ń gbóná tí ẹsẹ̀ bá wà lórí bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ ó gbọ́ òórùn rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ ó tẹ̀ ẹ́, kò sì ní mú mọ́. Àwọn tó ń lo dísìkì náà kò bọ́. Omi bíréèkì máa ń fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́. Tó bá ti gbó, tó bá wá gbóná lórí òkè, ọ̀rinrin yẹn á hó, á di afẹ́fẹ́ nínú ọ̀pá, ọwọ́ bíréèkì á sì wọlé títí dé ìdí. Omi bíréèkì DOT 4 tuntun lẹ́ẹ̀kan ní ọdún méjì ló ń gbà yín lọ́wọ́ èyí. Kò wọ́n, mẹ́káníìkì tó mọṣẹ́ sì lè ṣe é láàárín wákàtí kan.

Ẹ tún wo ibi tí orí yín wà ní kọ́nà. Tí kọ́nà bá yí sí òsì, alùpùpù á tẹ̀ sí òsì. Táyà lè wà nínú ìlà tiyín, síbẹ̀ kí orí àti èjìká òsì yín ti rékọjá ìlà àárín, kó bọ́ sí ojú ọ̀nà ẹni tó ń bọ̀. Típà tó kó yanrìn tàbí òkúta kì í ráyè yí kọ́nà láìgba díẹ̀ nínú ọ̀nà yín. Nítorí náà àárín ìlà tiyín ni kí ẹ wà, ẹ má fara mọ́ ìlà funfun. Ẹ dín eré kù kí ẹ tó wọ kọ́nà, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá ti wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó gbá bíréèkì mú. Ẹ sì gbé ojú yín sókè lọ síbi tí kọ́nà parí sí, nítorí ibi tí ojú bá wò ni alùpùpù ń lọ. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ kòtò á wọ kòtò.

Lẹ́yìn òjò, ilẹ̀ pupa máa ń ṣàn láti ara òkè wá sórí ọ̀dà ní ìsàlẹ̀ kọ́nà, tó bá sì gbẹ díẹ̀, á dà bíi pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́ tí òjò bẹ̀rẹ̀ ló ń yọ̀ jù, torí ọ́ìlì àti eruku ló kọ́kọ́ ń pò pọ̀ mọ́ omi. Ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́, ẹ wọ réénkóòtù, ẹ jẹ́ kó wẹ ọ̀nà. Ní àárọ̀, ìkùukùu lè bo orí òkè náà débi pé ẹ ò ní rí ju mítà 50 lọ. Eré tí ẹ lè dá dúró láàárín ibi tí ojú yín tó ni kí ẹ sá, bó tilẹ̀ jẹ́ 30. Ní ọyẹ́, eruku ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Dígí àṣíborí tó ti họ kò ní ràn yín lọ́wọ́ lójú oòrùn àárọ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ tún ṣọ́ra fún láfún àti kòkó tí àwọn èèyàn ń sá sí etí ọ̀dà, àti ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀ ti bọ́ǹpù. Ewúrẹ́ kan kì í dá kọjá. Tí ẹ bá rí ìyá, ẹ dúró de ọmọ.

Epo. Táǹkì tó kéré jù nínú ọ̀wọ́ ló ń pinnu ibi tí gbogbo yín ti máa rà á. Bí táǹkì ẹnì kan bá gba líta 12, tí líta kan sì ń gbé e lọ kìlómítà 18, kìlómítà 216 ni ìwé á sọ. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò fún òkè, fún afẹ́fẹ́ àti fún ilé epo tó ti pa. Ó ku nǹkan bí 160. Kí ìdúró epo má ju kìlómítà 150 lọ nìyẹn. Láti Èkó dé Adó lé ní 300 kìlómítà, nítorí náà ìdúró méjì ni, kì í ṣe ọ̀kan. Ẹ rántí pé tí alùpùpù 20 bá dé ilé epo tí ẹ̀rọ kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gba ìṣẹ́jú mẹ́ta, wákàtí kan ti lọ. Ọ̀wọ́ kan tó ní alùpùpù mẹ́fà kò ju ìṣẹ́jú 18 lọ. Ẹ má ra epo inú kẹ́ẹ̀gì létí ọ̀nà àfi tí kò bá sí ọ̀nà míì: omi ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ìsàlẹ̀ táǹkì ló sì máa ń fìdí kalẹ̀ sí. Alùpùpù á gbé yín fún kìlómítà mélòó kan, á wá máa wúkọ́ bí ẹ bá ti ń gun òkè. Bákan náà, tí ẹ bá bá ọkọ̀ epo tó ń já ẹrù rẹ̀ sínú ilẹ̀ ní ilé epo kan, ẹ lọ sí òmíràn, torí ìdọ̀tí tó ti sùn nísàlẹ̀ ti ru sókè.

Àpò irinṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ akẹ́yìn. A rí i pé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń gbé e fún aṣíwájú, bẹ́ẹ̀ ẹni tí alùpùpù rẹ̀ bàjẹ́ kì í wà níwájú. Ohun tó wà nínú rẹ̀: sípánà 8, 10, 12, 14, 17 àti 19; álẹ́n kíì; sípánà púlọ́ọ̀gì àti púlọ́ọ̀gì tuntun tó bá alùpùpù kọ̀ọ̀kan mu; fíùsì; téèpù; wáyà; ìsopọ̀ ṣéènì, 428 fún àwọn kékeré bíi Boxer, 525 tàbí 530 fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ńlá; pọ́ọ̀mpù ẹlẹ́sẹ̀; gééjì tí a fi ń wọn afẹ́fẹ́. Ẹni tó ń lo táyà oní-tíúbù kó gbé tíúbù tuntun méjì, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn. Ẹni tó ń lo táyà tí kò ní tíúbù kó gbé irin àti rọ́bà tí a fi ń dí i. Àwọn fọkanáísà wà ní ìlú wa gbogbo, iṣẹ́ wọn sì dára lórí tíúbù, ṣùgbọ́n ẹ má retí pé kí wọ́n ní rọ́bà yẹn. Ìka ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń tẹ táyà láti mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ tó, nítorí náà ẹ fi gééjì tiyín wọ̀n ọ́n. Páwà báìkì sábà máa ń gba PSI 36 níwájú, 42 lẹ́yìn. Àwọn kékeré kò gba tó bẹ́ẹ̀, iye tiwọn wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ṣéènì tàbí nínú ìwé rẹ̀. Ní òwúrọ̀, kí táyà tó gbóná, ni ẹ wọ̀n ọ́n.

Kéébù kúlọ́ọ̀ṣì ló máa ń já láìsọ tẹ́lẹ̀ jù. Ẹ fa tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà níbẹ̀, ẹ fi téèpù so wọ́n pọ̀, ẹ má tíì fi orí rẹ̀ kọ́. Bí ti àtijọ́ bá já lọ́nà Erijiyan, ìṣẹ́jú márùn-ún ni ẹ ó fi kọ́ tuntun, ẹ ò ní tú táǹkì.

Ní ilé, kí ẹ tó wá, ẹ wo nǹkan mẹ́rin. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT lára táyà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tókúnbọ̀ lè ní ojú tó jinlẹ̀ kí rọ́bà rẹ̀ ti le bí igi, irú èyí kì í di ọ̀dà tútù mú. Ṣéènì: ẹ fi ìka gbé e sókè ní àárín, kó máa ṣe mílímítà 25 sí 35, tó bá le ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹ bá wá gbé èrò sẹ́yìn, ó lè já. Kẹrosíìnì ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kì í ṣe bẹntiróòlù, torí bẹntiróòlù ń ba rọ́bà kéékèèké inú rẹ̀ jẹ́. Ọ́ìlì: èyí tí wọ́n kọ JASO MA tàbí MA2 sí lára. Ọ́ìlì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó ní oògùn ìyọ̀ nínú máa ń mú kí kúlọ́ọ̀ṣì yọ̀. Ẹ́ńjìnnì á máa ké, alùpùpù kò ní gun òkè. Ìkẹrin ni iná: ti iwájú, ti bíréèkì, tíráfíkétọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìwé ọkọ̀, láísẹ́ǹsì tó bá alùpùpù mu, ìwé ìdójútòfò, ìwọ̀nyẹn ẹ mọ̀ wọ́n, ẹ kàn rí i pé ti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ pé.

Ẹ gbà wá láàyè lórí ọ̀rọ̀ iyán. A mọ̀ pé iyán Èkìtì wà lára ohun tó ń gbé yín wá, a ò sì ní sọ pé kí ẹ má jẹ ẹ́. Ìgbà tí ẹ bá ti dé ibi tí ẹ máa sùn ni kí ẹ jẹ ẹ́. Iyán ọ̀sán gangan pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti ẹran ìgbẹ́, lẹ́yìn náà alùpùpù fún wákàtí méjì lójú oòrùn, oorun ló ń fà. Lójú ọ̀nà, bọ̀ọ̀lì, ẹ̀pà, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àti omi tó pọ̀. Nínú ẹ̀wù awọ àti àṣíborí, omi ara máa ń tán kí òùngbẹ tó gbẹ èèyàn. Ẹmu kò gbọ́dọ̀ kan ètè ẹnikẹ́ni títí alùpùpù yóò fi sùn. Ẹmu àárọ̀ tí wọ́n ń pè ní dídùn lásán náà wà nínú rẹ̀.

Tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹni méjì nínú ọ̀wọ́ ni kó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ṣubú. Ẹnì kan kó padà sẹ́yìn ní mítà 100, kó gbé àmì onígun mẹ́ta kalẹ̀. Tí kò bá sí, kó já ẹ̀ka ewé sójú ọ̀nà bí gbogbo awakọ̀ wa ṣe mọ̀ ọ́n, kó sì kó o kúrò tí gbogbo rẹ̀ bá parí. Ẹnì kan kó pe 122, nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, tàbí 112. Ẹ má ṣe bọ́ àṣíborí lórí rẹ̀ àfi tí kò bá mí, nítorí ọrùn lè ti ṣẹ́. Tó bá dandan, ẹni méjì ló ń bọ́ ọ: ọ̀kan á di orí àti ọrùn mú gbọin láti ìsàlẹ̀, ìkejì á fa àṣíborí díẹ̀díẹ̀. Ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ má ṣí i wò. Ẹ má ṣe gbà kí wọ́n gbé e sáàárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà, bó ti wù kí wọ́n fi inú rere sọ ọ́ tó. Ẹ bẹ ọkọ̀ tí ó lè nà sí gbalaja. Ilé ìwòsàn ńlá wà ní Adó, ó sì wà ní Ìdó. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì. Ẹ mọ̀ ọ́n, kí ẹ lè fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ tí wọ́n bá ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó. Kí páálí kékeré tí a kọ orúkọ, ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ àti nọ́ńbà ẹbí sí wà ní àpò àyà òsì gbogbo yín, ibì kan náà fún gbogbo yín, nítorí fóònù tí a tì pa kò ní sọ̀rọ̀.

Nínú ìlú, ẹ fi jíà kékeré gùn, ẹ má fọn fèrè, ẹ má pariwo ẹ́ńjìnnì. Ọjọ́ Sátidé ni òkú ṣíṣe lọ́dọ̀ wa. Ẹ máa bá àgọ́ àti àga ní etí ọ̀nà, àwọn àgbàlagbà nínú aṣọ ẹbí tí wọ́n ń kọjá láìwo ẹ̀gbẹ́, àti ọmọdé tó ń sá tẹ̀lé onílù. Ẹ jẹ́ kí eré yín má ju 20 lọ níbẹ̀, kí aṣíwájú sì tẹrí ba fún àwọn tó jókòó. Ọmọ tó bá rí ẹnì kan tó gbé táyà iwájú sókè lónìí, ọ̀kadà bàbá rẹ̀ ló máa fi dán an wò lọ́la. Àwọn ọlọ́kadà wa, ẹ kí wọn, ẹ bi wọ́n léèrè. Àwọn ló mọ afárá tó wó lọ́sẹ̀ tó kọjá àti ibi tí a ń gbà yí i po.

A mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: ìtò gígùn ló ń jẹ́ kí ẹgbẹ́ hàn, òun ló dára nínú fídíò, ó sì tún ń lé àwọn olè sá. Ní ti fídíò, ibi ìgbọ́kọ̀sí Ìkógòsì dára ju ojú ọ̀nà lọ; gbogbo alùpùpù á tò, a ó bọ́ àṣíborí, a ó sì rí ojú èèyàn. Ní ti ààbò, èèyàn mẹ́fà kì í ṣe èèyàn kan. Ohun tó ń dáàbò boni ni pé kí ẹ pe àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí, kí ẹ jẹ́ kí ọlọ́pàá àti Àmọ̀tẹ́kùn tó wà níbẹ̀ mọ̀ pé ẹ ń kọjá, kí ẹ má sì ṣe wà lójú ọ̀nà mọ́ tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù. Ètò tí yóò bá yín dé ní aago mẹ́fà, aago mẹ́jọ ló máa bá yín dé. Táyà kan tó jò ti tó láti sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Tí ẹ bá ń bọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ yìí, ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú kọ̀wé sí ẹgbẹ́ alùpùpù èyíkéyìí tó wà ní Adó tàbí Ìkẹ́rẹ́. Ẹ kọ iye alùpùpù, táǹkì tó kéré jù, iye àwọn tí kò tíì gun òkè rí, àti aago tí ẹ máa dé Ìtawurẹ́. Àwa náà á fi ẹnì kan ránṣẹ́ fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó mọ ibi tí ọ̀dà ti bó ní oṣù yẹn. Oríta Ìtawurẹ́ ni yóò ti pàdé yín, létí ọ̀nà tó yà sí Ẹ̀fọ̀n, pẹ̀lú ẹ̀wù tí ń tàn. Owó kankan kò sí níbẹ̀.

Tiyín nítòótọ́,
Àwa aṣíwájú àti akẹ́yìn lójú ọ̀nà Èkìtì